Ẹyẹ Kì Í Wo Kámẹ́rà

Mo júbà ọ̀gá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Mushin, tó máa ń fọwọ́ gbá mi nípàkọ́ bí mo bá gé ẹsẹ̀ ìyàwó kúrò nínú fọ́tò. Ẹ̀yin ayàwòrán òde ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí yíya fọ́tò ẹyẹ etí òkun, pàápàá àwọn ẹyẹ aṣíkiri tó máa ń bà sórí òkúta. Nígbà tí ìwé yín tẹ̀ mí lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi kà á, ó wò mí lójú, ó ní, "Ṣé ẹyẹ náà máa sanwó ni?"

Kò san kọ́bọ̀. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tó bá ní òde míì láti lọ lè tètè dìde.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ya fọ́tò òde ní Èkó kí n tó bá ọkọ mi lọ sí apá àríwá ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí lóde. Ayàwòrán lọ̀gá. "Ẹ sún mọ́ra. Ìyá ìyàwó, ẹ gbé ojú sókè díẹ̀, gèlè ti bò yín. Ẹ̀yin aláṣọ ẹbí, ẹ yí sí mi. Ẹ wo ibí, ẹ rẹ́rìn-ín!" Ẹni tó ni òde, ẹni tó ń náwó, ọba aládé pàápàá, gbogbo wọn ló máa gbọ́ràn sí wa lẹ́nu fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Ó mọ́ mi lára débi pé mo gbà pé kámẹ́rà tó wà lọ́wọ́ mi ló ń fún mi láṣẹ lórí ohun tó wà níwájú mi. Àwọn ẹyẹ kan tí kò ju àdàbà lọ ló já mi kúrò lórí oyè yẹn.

Ilé wa kò jìnnà sí Whitley Bay. Erékùṣù kékeré kan wà lẹ́bàá ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní St Mary's Island. Ilé iná atukọ̀ kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n kọ́ parí ní 1898. Láti 1984 ni iná rẹ̀ kò ti ṣiṣẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi mọ́, àmọ́ ẹ ó ṣì máa rí i láti òkèèrè, ó funfun kinniwin bí ẹgbẹ́ ààfáà lọ́jọ́ ọdún. Ọ̀nà kọnkéré kan ló so erékùṣù náà mọ́ ilẹ̀. Bí omi bá fà, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn ín kọjá; bí omi bá kún, ọ̀nà náà á rì pátápátá. Gbogbo àyíká rẹ̀ òkúta ni: òkúta pẹlẹbẹ, òkúta ṣóńṣó, òkúta tí ewé òkun bò tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá.

Oṣù kejìlá ni mo kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà lọ síbẹ̀, òtútù wọ̀ mí dé ìdí eyín. Mo rí ọ̀wọ́ ẹyẹ kan lórí òkúta, mo gbéra, mo ń lọ bá wọn bí ẹni tó ń lọ bá alága ìjókòó. Wọ́n fò. Mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n tún fò. Wákàtí méjì àtààbọ̀ la fi ṣe eré yìí. Nígbà tí mo délé tí mo ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà, mo bá fọ́tò bí irínwó níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, ìdí ẹyẹ ni. Ìdí ẹyẹ tó ń lọ, ìdí ẹyẹ tó ti lọ, òkúta tí ìdí ẹyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ọkọ mi wò ó títí, kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn béèrè bóyá àwọn ẹyẹ ìlú yìí ní orí.

Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì láìmú kámẹ́rà dání. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo fi gèlè àtijọ́ kan wé etí mi méjèèjì, mo ń wò. Ohun tí mo rí ni pé àwọn ẹyẹ wọ̀nyẹn kì í lọ síbi tó bá kàn wù wọ́n. Omi ló ń kó wọn kiri. Bí omi bá fà, oúnjẹ ti délẹ̀ nìyẹn: ìṣáwùrú, akàn wẹ́wẹ́, kòkòrò abẹ́ ewé òkun, gbogbo rẹ̀ wà níta, àwọn ẹyẹ á sì fọ́n ká sórí òkúta tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀. Ta ló máa bá wọn níbẹ̀? Ṣùgbọ́n bí omi bá ti ń padà bọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwo oúnjẹ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á máa sún sẹ́yìn, láti òkúta ìsàlẹ̀ bọ́ sórí tòkè, títí gbogbo wọn á fi rọ́ jọ sórí òkúta mélòó kan tí omi kò lè dé. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa tòògbé, tí wọ́n á ki àgógó bọ abẹ́ ìyẹ́, títí omi á fi tún fà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ ìrìn omi, kó má wulẹ̀ ra lẹ́ǹsì olówó gọbọi. Wákàtí méjìlá àti nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà láàárín omi kíkún kan sí èkejì. Nítorí náà, bí omi bá kún ní aago mẹ́jọ àárọ̀ òní, yóò tó aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó kún láàárọ̀ ọ̀la. Nígbà tí oṣù bá lé àti nígbà tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, omi á kún rékọjá, á sì fà jìnnà. Láàárín àkókò méjèèjì, ara rẹ̀ á rọlẹ̀. Ní etí òkun tí mò ń wí yìí, ìyàtọ̀ omi kíkún àti omi fífà lè ju mítà mẹ́rin lọ lásìkò òṣùpá àrànmọ́jú. Ní Èkó níbí, kò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà kan lọ. Ẹ máa rò pé mítà kan kò já mọ́ nǹkan. Ẹ lọ bi apẹja tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sórí iyanrìn lálẹ́ tó jí tí kò bá a mọ́.

Nítorí náà, ìwé omi ni mo máa ń wò kí n tó wo aago. Ó wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Màá ti dé etí òkun ní wákàtí mẹ́ta kí omi tó kún, nígbà tí ẹyẹ kankan kò tíì sí lórí òkúta òkè. Màá wá ibi tí oòrùn máa wà lẹ́yìn mi, màá sì dọ̀bálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi obìnrin, dídọ̀bálẹ̀ gbalaja ni. Bí ẹ bá dúró ya ẹyẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ àti òkúta lẹ ó rí. Ìgbà tí lẹ́ǹsì bá bọ́ sílẹ̀ tó bá ojú ẹyẹ dọ́gba ni òkun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa di aṣọ aláwọ̀ aró kan ṣoṣo, tí ẹyẹ náà á yọ síta bí ẹni tó dúró nílé fọ́tò. Lẹ́yìn náà, ẹ kò ní iṣẹ́ míì ju kẹ́ ẹ dákẹ́ lọ. Omi á máa tì wọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀yin náà ti di ọ̀kan nínú àwọn òkúta tí wọ́n bá níbẹ̀.

Ìgbà kìíní tí mo dán èyí wò, ó dùn mọ́ mi débi pé mo gbàgbé pé omi tó ń ti ẹyẹ bọ̀ kò yọ èmi sílẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọ̀nà kọnkéré ti lọ. Pátákó tí wọ́n kọ àkókò omi sí wà níbẹ̀ gbàgàdà, iwájú rẹ̀ ni mo gbà kọjá. Ó ju wákàtí márùn-ún lọ tí mo fi wà lórí erékùṣù yẹn pẹ̀lú ègé búrẹ́dì kan àti bátìrì fóònù tó ku díẹ̀ kó kú, tí ọmọ mi ń dúró dè mí nílé ìwé. Àwọn èèyàn tó dúró lódìkejì ń juwọ́ sí mi. Mo rò pé wọ́n ń kí mi ni, mo juwọ́ padà.

Ẹyẹ tó kọ́kọ́ sún mọ́ mi lọ́jọ́ náà ni èyí tẹ́ ẹ ń wò lójú ògiri yìí. Turnstone ni Òyìnbó ń pè é, ìyẹn ẹyẹ tó ń yí òkúta padà. Èmi máa ń pè é ní ayí-òkúta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ ọ ní ayékòótọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa bí epo tuntun, ó kúrú, ó sì gbilẹ̀ bí ẹsẹ̀ alábàárù. Àyà rẹ̀ ní àmì dúdú bí ẹni wọ bíbù ọmọdé. Àgógó rẹ̀ kò gùn, ẹnu rẹ̀ ṣẹ́ sókè díẹ̀. Mítà mẹ́fà ló wà láàárín wa. Ó ki àgógó bọ abẹ́ òkúta kan tó fẹ́ẹ̀ tó orí rẹ̀, ó tẹ orúnkún, ó fi ọrùn àti àyà tì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òkúta náà dojú dé, ó ró kó. Kòkòrò wẹ́wẹ́ bíi mẹ́wàá fò sókè lábẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó balẹ̀, ó ti ṣa mẹ́rin. Ó bọ́ sídìí ewé òkun, ó ń fi àgógó ká a bí ẹni ń ká ẹní ní kùtùkùtù, ó ń jẹ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń ká a lọ. Ọwọ́ mi wà lórí kámẹ́rà, mi ò lè tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, ó gbójú sókè, ó wo ibi tí ìró náà ti jáde, ó tún bọ́ sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹyẹ yìí kì í ṣa oúnjẹ jẹ. Wọ́n ti rí i tó ń jẹ ọṣẹ, wọ́n ti rí i tó ń jẹ òkú. Ṣùgbọ́n ohun tó jọ mí lójú jù ni ibi tó ti ń bọ̀. Àwọn tó máa ń lo ìgbà òtútù lórí òkúta ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti Greenland àti apá àríwá Kánádà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá. Àwọn tó ń pamọ ní Finland, Sweden, Norway àti ìwọ̀ oòrùn Rọ́ṣíà ò dúró níbẹ̀. Wọ́n á kọjá, ó di Mòrókò, ó di etí òkun tiwa níhìn-ín. Ẹyẹ kan náà, aṣọ kan náà, ṣùgbọ́n ìdílé ọ̀tọ̀, ọ̀nà ọ̀tọ̀. Mo ti ń yà wọ́n bí ọdún méjì kí n tó mọ̀ pé èyí tí mò ń yà lẹ́yìnkùlé mi ní Whitley Bay kì í ṣe ìbátan èyí tí mo lè bá ní Èkó.

Láàárín wọn, ẹ ó rí òmíràn tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú tí wọ́n ta àyìnrín díẹ̀ sí, purple sandpiper. Ibi tí ìgbì ti ń fọ́ gan-an ló máa ń dúró sí, bí omi bá dìde, á fò sókè bí ọmọ tó ń ta okùn, á tún balẹ̀ sójú kan náà. Kì í sá fún èèyàn rárá. Òun kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Òtútù yẹn ló tó o gbé.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tó máa ń mú mi bínú, ẹ forí jì mí. Ẹyẹ kan wà, whimbrel lorúkọ rẹ̀, àgógó rẹ̀ gùn, ó tẹ̀ bí dòjé. Àwọn awakùsà àti atukọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ máa ń bẹ̀rù igbe rẹ̀ lóru. Súfèé méje ni wọ́n ní ó máa ń fọn, wọ́n sì gbà pé ikú ló ń kéde. Ó wà lórí òkúta Èkó láti ìparí òjò títí di àsìkò Ọdún Àjíǹde. Ní 2016, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó ń pamọ ní Iceland. Wọ́n so ẹ̀rọ kékeré mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n rí i pé bí wọ́n bá gbéra ní Iceland, wọn kì í bà níbì kankan títí wọ́n á fi dé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà: láàárín 3,900 sí 5,500 kìlómítà lórí agbami, bí ọjọ́ márùn-ún, láìjẹ, láìmu, láìsí ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀. Ọ̀rá tó wà lára wọn ni wọ́n ń jẹ lójú ọ̀run. Bí wọ́n bá sì fẹ́ padà lọ, orí òkúta àti ẹrẹ̀ etí òkun Áfíríkà ni wọ́n ti ń kó irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ jọ, akàn kan tẹ̀ lé òmíràn, láàárín ìwọ̀nba wákàtí tí omi bá fi fà.

Ẹ wá wo ẹni tó gbé kámẹ́rà, tó ń sáré lé wọn torí kí wọ́n lè na ìyẹ́. Gbogbo ìgbà tí ẹyẹ bá fò láìròtẹ́lẹ̀, nínú oúnjẹ ọ̀nà rẹ̀ ló ti bù ú. Bí mo bá rí fọ́tò ọ̀wọ́ ẹyẹ tó gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, tí oòrùn ń ràn lára wọn, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi ni pé, ta ló pàtẹ́wọ́? Àṣá lè lé wọn, ajá lè lé wọn, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwa ayàwòrán mọ ara wa. Èmi pẹ̀lú fọ́tò ìdí ẹyẹ mi, mo jẹ̀bi fún wákàtí méjì àtààbọ̀ gbáko.

Iṣẹ́ fífi ara pamọ́ yìí kì í ṣe tòní. Ní Yorkshire, àwọn ọmọ ìyá méjì kan wà, Richard àti Cherry Kearton. Ní 1892 ni Cherry ya ìtẹ́ ẹyẹ tòun ti ẹyin inú rẹ̀. Ní 1895 wọ́n ti fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ tẹ odindi ìwé. Kámẹ́rà ìgbà yẹn, pákó àti gíláàsì ni, ó wúwo bí àpótí ẹrù ìyàwó, bẹ́ẹ̀ wọ́n gbé e dé erékùṣù olókùúta St Kilda ní 1896. Ní 1900, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn bó awọ màlúù odindi, wọ́n sọ inú rẹ̀ di ihò, ọ̀kan nínú wọn á wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà, màlúù á dúró sínú pápá, ẹyẹ á máa jẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo kà á, ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni àwọn ọdẹ Haúsá tó máa ń de orí àkàlàmàgbò mọ́ iwájú orí, tí wọ́n á máa bẹ̀rẹ̀ rìn nínú koríko títí wọ́n á fi dé ìdí ẹran. Ọdẹ ni wá. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹran tiwa gbọ́dọ̀ jẹun tán kó tó lọ.

Ẹni tó bá sì sún mọ́ jù, ó lè san án. Eric Hosking, àgbà ayàwòrán ẹyẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òwìwí kan fọ́ ọ lójú òsì ní 1937 nídìí ìtẹ́ rẹ̀. Kò jáwọ́ nínú iṣẹ́. Ojú kan ló kù tó fi ya gbogbo ohun tó sọ ọ́ di olókìkí lẹ́yìn náà. Èmi, fìlà lẹyẹ gbà lọ́wọ́ mi. Ní àwọn erékùṣù Farne, tí à ń wọ ọkọ̀ láti Seahouses lọ, àwọn ẹyẹ òkun kan tí wọ́n ń pè ní tern ilẹ̀ yìnyín máa ń pamọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí èèyàn ń gbà gan-an, wọ́n á sì máa sọ àgógó sí gbogbo ẹni tó bá kọjá lórí. Wọ́n ní ká dé fìlà. Mo yá fìlà aṣọ òkè ọkọ mi. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde lórí mi, àmọ́ ohun tí àwọn ẹyẹ yẹn sọ̀ sórí aṣọ òkè náà, kò sí ọṣẹ tó bó o. Ní 2016 ni wọ́n kéde pé ọ̀kan nínú àwọn tern Farne yẹn fò dé ìsàlẹ̀ ayé níbi yìnyín ìhà gúúsù, ó sì padà wá sílé láàárín ọdún kan, 96,000 kìlómítà lápapọ̀. Etí òkun Áfíríkà ló gbà lọ.

Nídìí ìtẹ́ ni òfin ti le jù. Láti 1981 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ka àwọn ẹyẹ kan sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dà láàmú nígbà tí wọ́n bá wà nídìí ẹyin àti ọmọ; whimbrel wà nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ yà wọ́n níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ. Ní tèmi, mo ti pa ìtẹ́ tì pátápátá. Ẹyẹ tó ń jẹun ti tó mi í wò.

Nípa kámẹ́rà fúnra rẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹyẹ tó dúró, ìdá kan nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìṣẹ́jú àáyá á gbé e. Èyí tó ń fò, ẹ lọ sí 1/2000, kí ìyẹ́ rẹ̀ má baà dà bí èéfín. Ojú ẹyẹ ni kẹ́ ẹ sojú lẹ́ǹsì sí, bí ojú kò bá mọ́, ẹ pa á rẹ́. Ibi tí iṣẹ́ wa lóde ti wúlò jù ni ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀. Ẹyẹ funfun lórí òkúta dúdú tó tutù, ìyàwó aṣọ funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ oníkóòtù dúdú ni. Kámẹ́rà á wo òkúta, á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, á da ìmọ́lẹ̀ lé ẹyẹ lórí títí ìyẹ́ rẹ̀ á fi di bébà. Ẹ bu ìmọ́lẹ̀ kù. Bí ó bá sì jẹ́ ẹyẹ dúdú níwájú ìfóófòó, ẹ fi kún un. Ẹni tó ti ya aláwọ̀ dúdú bíi tiwa nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n fi aṣọ funfun ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí tipẹ́, kó kàn má gbàgbé rẹ̀ sílé.

Àpò tí à ń gbé lẹ́ǹsì lé lórí òkúta, wọ́n ń tà á lówó iyebíye. Mo fi àṣẹ́kù aṣọ ẹbí rán tèmi, mo rọ ẹ̀wà olóyin sínú rẹ̀. Òjò pa á lọ́jọ́ kan, mo gbé e sí ìdí ilẹ̀kùn, mo gbàgbé rẹ̀. Ó hù. Ìrẹsì inú ọ̀rá ni mò ń lò báyìí. Ní ti iyọ̀ òkun, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu lẹ́ǹsì láéláé, iyọ̀ á ha á bí iyanrìn. Aṣọ tí ẹ fi omi tútù tí kò níyọ̀ rin díẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò.

Ó di Èkó wàyí. Ẹnìkan nínú yín á ti máa sọ nínú ara rẹ̀ pé, òkúta wo ló wà létí òkun Èkó? Òótọ́ ni, iyanrìn ni Ọlọ́run dá sí wa níbí. Àwọn òkúta tó na ọwọ́ wọnú òkun lẹ́nu ọ̀nà èbúté, èèyàn ló kó wọn wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, nígbà tí ìjọba amúnisìn fẹ́ kí ọkọ̀ ńlá lè wọ Èkó, Aró ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti fọ́ òkúta, wọ́n fi rélùwéè kó o wá, wọ́n dà á sínú omi. Òkúta yẹn gbá iyanrìn dúró lápá kan, ó jẹ́ kí òkun jẹ apá kejì. Ohun tó gbé Bar Beach mì nìyẹn, òun náà ló bí ògiri òkúta àti kọnkéré tí wọ́n wá mọ síwájú Eko Atlantic. Ẹjọ́ rẹ̀ pọ̀, kì í ṣe èmi ni màá dá a. Ti ẹyẹ ni mo wá wí: bí ẹ bá rí ayí-òkúta níbẹ̀, ọmọ bíbí ilẹ̀ yìnyín ni, tó ń jẹun lórí òkúta Ẹ̀gbá.

Mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay nígbà tí mo wálé lọ́dún kìíní. Mo jókòó sórí òkúta ní aago méje àárọ̀, kò sí ẹyẹ kankan àfi èyí tó dà bíi lékeléke tó wọ aṣọ ọ̀fọ̀: ara rẹ̀ dúdú bí ọjọ́ òjò, ọ̀fun rẹ̀ funfun, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Òun ni onílé, kì í lọ síbì kankan. Bàbá apẹja kan, ọmọ Ìlàjẹ, ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ó ní, "Ìyá, ọkọ̀ lẹ̀ ń dúró dè ni?"

Mo ní, "Rárá o, Bàbá. Ẹyẹ ni."

"Èwo nínú wọn?"

Mo fi fọ́tò tó wà nínú fóònù mi hàn án. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó rẹ́rìn-ín. "Èyí? Àwọn yẹn ò tíì dé. Ẹ jẹ́ kí omi yí ná."

Mo wo ìwé omi lórí fóònù. Ogójì ìṣẹ́jú ló kù kí omi yí. Bàbá kò wo nǹkan kan. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, àwọn ayí-òkúta mẹ́sàn-án àti whimbrel méjì fò wọlé lókè omi, wọ́n bà. Ó tún sọ fún mi pé ìgbà tí òjò bá ń parí lọ ni wọ́n máa ń dé, àti pé kí òjò ọdún tuntun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ wọ́n ti lọ, àmọ́ àwọn kan máa ń ṣẹ́kù. Òótọ́ ló sọ. Àwọn tó ń ṣẹ́kù yẹn, ọ̀dọ́ ni wọ́n, wọn ò tíì tó ẹni tó ń pamọ, wọ́n rí i pé kò sí ohun tí àwọn fẹ́ lọ ṣe ní ilẹ̀ yìnyín lọ́dún yẹn. Tern pọ̀ nínú irú wọn. Èkó ni wọ́n ti ń dàgbà.

Mo ní láti sọ èyí náà. Kámẹ́rà ẹlẹ́nu gígùn nítòsí èbúté, wàhálà ló ń pè. Ní ọjọ́ kẹta, ọkùnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù gba káàdì mi, ó pa fọ́tò ọjọ́ mẹ́ta rẹ́ lójú mi, ó ní ọkọ̀ ojú omi ni mò ń yà. Ọkọ̀ ojú omi tó ní ìyẹ́! Bàbá apẹja ló bẹ̀ ẹ́ tó fi dá kámẹ́rà padà. Láti ìgbà yẹn, baálẹ̀ ibi tí mo bá ń lọ ni mo kọ́kọ́ máa ń rí, màá sọ ohun tí mo wá ṣe, màá fi fọ́tò hàn wọ́n. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ ni wọ́n wá di ojú mi.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Tern kan wà tí àyà rẹ̀ máa ń ṣe bí ẹni pọ́n osùn díẹ̀ nígbà tó bá ń pamọ, roseate tern. Ní Britain, erékùṣù Coquet, tí kò jìnnà sí ilé wa ní Whitley Bay, ló kù tí wọ́n ti ń pamọ lọ́dọọdún. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, inú ọkọ̀ la ti ń yà wọ́n. Àwọn tó pọ̀ jù ní Yúróòpù wà ní Rockabill, ní ilẹ̀ Ireland. Ilé pákó kéékèèké ni wọ́n kàn fún wọn láti máa yé ẹyin sí. Pẹ̀lú gbogbo ìtọ́jú yìí, bí òtútù bá ti dé, Gánà ni wọ́n ń gbà lọ, níbi tí àwọn ọmọ etí òkun ti máa ń fi ìwọ̀ àti okùn mú wọn ṣeré. Ní àwọn ọdún 1980 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé etí òkun Gánà nítorí ẹyẹ wọ̀nyí. Mi ò lè fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú ọmọ tó ń fi ẹyẹ ṣeré. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé àlejò ni.

Fọ́tò tó kẹ́yìn rèé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pa iná díẹ̀ sí i. Lóṣù kẹta ọdún yìí ni mo yà á, lórí òkúta kan náà ní Tarkwa Bay. Kò dára tó, mo mọ̀: òkúta ti gé ìrù ayí-òkúta náà, omi ti ta sí lẹ́ǹsì lápá òsì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Òrùka wà níbẹ̀. Ará Denmark kan tó jẹ́ olùkọ́, Hans Christian Mortensen, ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 1899, ó ń fi òrùka onínọ́ńbà sẹ́sẹ̀ ẹyẹ kí ẹni tó bá rí i níbòmíràn lè kọ̀wé. Títí dòní, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń mọ ibi tí wọ́n ń lọ, ayàwòrán tí lẹ́ǹsì rẹ̀ bá sì gùn kò ní láti mú ẹyẹ kó tó ka òrùka.

Mo fẹ́ ẹ tóbi. H, E, L, S, ó ka bẹ́ẹ̀. Helsinki nìyẹn, Finland ni wọ́n ti fi sí i lẹ́sẹ̀. Nọ́ńbà wà lábẹ́ rẹ̀, 4 àti 7 nìkan ló hàn, ìyókù wà lódìkejì ẹsẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú kó lè yí ara padà. Ó yí òkúta mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ kò yí. Ọkọ̀ kan kọjá, ìgbì rẹ̀ gun orí òkúta, ó fò. Mo kọ̀wé síbi tó yẹ, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní nọ́ńbà kò pé.

Irú ẹyẹ yìí máa ń padà sórí òkúta tó bá lò lọ́dún tó kọjá. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá lè dé ibẹ̀ lóṣù kẹsàn-án, nígbà tí omi bá ń kún bọ̀, òkúta kẹta lẹ́yìn ibi tí àwọn apẹja ń so ọkọ̀ mọ́ ni. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni o, ẹ bá mi ka ẹ̀yìn òrùka náà.